Ojú Sójà Lẹ́yìn Ọmọ Mi

Àǹkárá kan wà lọ́wọ́ mi tí wọ́n tẹ àwòrán ọ̀gágun kan sí, sójà tó fi ìbọn gba ìjọba nílé wa. Màmá mi ló fún mi. Ọjọ́ tí ọ̀gágun náà wá ṣí ẹ̀rọ omi nílùú wa ni wọ́n pín in fún àwọn obìnrin. Láti ìgbà náà màmá mi ò lọ sódò mọ́, wọ́n sì máa ń ṣàdúrà fún un.

Nígbà tí mo kúrò ní Heim, ilé tí wọ́n kó àwa àlejò sí ní Hamburg, tèmi ti ọmọ ọwọ́, tọkọtaya kan ará Abẹ́òkúta ló gbà mí sí yàrá kan nílé wọn ní Neukölln, ní Berlin. Wọn ò mọ̀ mí rí. Àǹtí ní kí n máa wò wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn náà ló sọ fún mi ìdí tí Bọ̀dá, ọkọ wọn, fi ń jókòó sórí àga kírun. Ọ̀gágun yẹn kan náà ló jù wọ́n sẹ́wọ̀n nítorí ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìròyìn, ibẹ̀ ni orúnkún wọn sì ti bàjẹ́. Mo lọ ki aṣọ náà bọ ìsàlẹ̀ àpò mi.

Lọ́jọ́ kan nígbà òtútù, gbogbo aṣọ ìpọnmọ mi wà lórí okùn, wọn ò gbẹ. Ọmọ ń ké, aládùúgbò ti ń gbá ògiri. Mo yọ àǹkárá náà, mo yí inú rẹ̀ síta, mo fi pọn ọmọ. Àwòrán náà ṣì hàn. Níbi tí mo ti ń rẹ ọmọ nínú kíṣìnnì ni Bọ̀dá ti ibi iṣẹ́ wọlé.

Mo kí wọn. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n ń wò. Mo ti ń rò pé wọ́n á lé mi padà sí Hamburg, níbi tí kò ti sẹ́ni tó máa gbà mí.

"Ta ló fún ẹ nìyẹn?"

"Màmá mi ni, sà."

"Kí ló ṣe fún wọn?"

"Omi ẹ̀rọ, sà."

Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó. "Ṣé omi náà ṣì ń yọ?"

"Ó ń yọ, sà."

Àǹtí ń gé àlùbọ́sà, wọn ò gbójú sókè. "Dádì, ẹ jẹ́ kí ọ̀gágun pọnmọ. Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ owó wa láìṣiṣẹ́."

Bọ̀dá fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló jáde. "Tú u," ni wọ́n wí, wọ́n sì gba ọmọ lọ́wọ́ mi. "Yí i padà, kí ojú ẹ̀ hàn dáadáa. Mo fẹ́ máa rí i níbi tó ti ń ṣọmọọ̀dọ̀."

Mi ò kì í lè sọ̀rọ̀ láwùjọ. Tí àwọn èèyàn wa bá ń jiyàn lórí ọ̀gágun náà, tí àwọn kan ń pè é lólè, tí àwọn kan ní ó gbìyànjú, mo máa ń dákẹ́ ni. Omi màmá mi ò jẹ́ kí n bú u, orúnkún Bọ̀dá ò jẹ́ kí n yìn ín. Àwọn méjì tó gbà mí sílé ni mo mọ bí mo ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Títí mo fi kó kúrò lọ́dọ̀ wọn, tí ojú ọ̀gágun tó wà lára aṣọ náà ti ṣá, bí ọmọ mi bá ti bẹ̀rẹ̀ igbe, màá gbọ́ ohùn Bọ̀dá láti pálọ̀: "Pe sójà yẹn wá, iṣẹ́ ti dé."