Ṣọ́ọ̀kì Lẹ́nu Ọ̀nà Wa

Àbúrò ọkọ mi ni Toslima. Ahéré kan náà la jọ ń gbé ní àgọ́ àwa Rohingya ní Bangladesh: èmi, ọkọ mi, Rofik ọmọ wa, òun, àti Mabia, ìyá wọn. Gbogbo àdúgbò ló mọ agbòjò dúdú Toslima. Bó bá ti yọ lórí òkè, àwọn obìnrin á ní, "Ìyá Ẹ-Fọwọ́-Yín ti dé." Ẹgbẹ́ aláàánú kan ló gbà á síṣẹ́ pé kó máa ti ilé dé ilé kọ́ àwọn ìyá nípa ìlera, torí obìnrin wa kì í lọ jókòó síwájú ọkùnrin àjèjì. Ẹnu rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín, ojo ni, bí èmi náà ṣe jẹ́ ojo. Bí oparun ara ahéré wa bá dún lójijì, àwa méjèèjì la máa ń fò sókè.

Lọ́dún tí àrùn ọ̀fun ń pa àwọn ọmọdé, ọ́fíìsì wọn fún un ní ṣọ́ọ̀kì. Ilé tó bá ti rí ọmọ tó ní àrùn náà, kó fa ìlà sí ilẹ̀kùn rẹ̀, kí àwọn tó ń gbé aláìsàn lè tètè rí i, torí ahéré wa jọra bí ìbejì. Ẹni tó ronú èyí kò sá kúrò nílé rí. Ní abúlé tí a ti sá wá, ṣọ́ọ̀kì làwọn ológun kọ́kọ́ fi sàmì sí ilé tí wọ́n fẹ́ dáná sun. Ẹni tí ejò bá sì ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Toslima mọ èyí. Ṣùgbọ́n nígbà tó dé ilé Gulbahar, aládùúgbò wa kan, láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó rí ọrùn Yasin ọmọ rẹ̀ tó wú, tó ń mí bí ẹni ń hanrun lójú jíjí, ìpayà ò jẹ́ kó rántí. Ó fa ìlà, ó sáré lọ pe àwọn tó ń gbé aláìsàn. Nígbà tí wọ́n fi dé, Gulbahar ti fọ ìlà náà kúrò lára ilẹ̀kùn. Ìyá àti ọmọ ti pòórá, aládùúgbò kankan ò sì rí wọn.

Toslima wọlé tọ̀ mí wá, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó ní bí ọmọ yẹn ò bá rí oògùn gbà kílẹ̀ tó ṣú, ọ̀fun rẹ̀ á dí. Inú bí mi.

"Ìwọ náà kọ́ lo ń kọ́ wa?" mo ní. "Kí wọ́n tó sun ilé bàbá ẹ, kí ni wọ́n kọ́kọ́ fi sàmì sí i?"

Ó jáde, ó fa ìlà gbọọrọ sí ilẹ̀kùn tiwa.

Ẹ̀rù bà mí. Mo fa Rofik mọ́ra. Mabia rí ìlà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di Kùránì àti ìkòkò rẹ̀ sínú aṣọ. Gbogbo ojú ọ̀nà dákẹ́. Mo mọ̀ pé wọ́n ń yọjú wò wá láti inú àlàfo oparun.

Toslima tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síbí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí yín."

"Ṣé o fẹ́ kí n rí iná lẹ́ẹ̀kejì ni?"

"Tí iná bá máa jó, ọ̀dọ̀ wa ni kó ti bẹ̀rẹ̀." Ló bá gbóhùn sókè sí ojú ọ̀nà. "Ìyá Yasin, ìyá mi ló jókòó síbí yìí o. Ẹ gbé ọmọ wá."

Mabia jókòó, ẹrù lórí itan, omijé lójú. Ó pẹ́ kí Gulbahar tó yọ láti ẹ̀yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Kò wo Toslima. Mabia ló wò.

"Ìyá, ẹ má dìde o," ó ní, "títí ẹ ó fi gbọ́ ìròyìn wa."

Toslima bá wọn lọ sílé ìwòsàn, Mabia ò sì dìde. Ìrọ̀lẹ́ ni Toslima dé, ó ní ọmọ ti gba oògùn, ó ti ń mí dáadáa, ìyá rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn èèyàn rọ́ wá kí wa. Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo bá Toslima níwájú ilẹ̀kùn, tó ń fi etí ìborí rẹ̀ nu ìlà náà.

"Ṣebí o fi hàn wá pé kò sí nǹkan kan nínú ìlà yìí?"

"Mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan, Ìyá Rofik. Ẹ bá mi nù ún kílẹ̀ tó ṣú."

Mo ti bu omi wá kó tó sọ̀rọ̀ tán.