Pápá Tí Ihò Rẹ̀ Kò Pọ̀

"Má wọ pápá tí o kò mọ ìgbà tí wàá jáde níbẹ̀." Ohun tí mo sọ fún Ràímì ọmọ mi nìyẹn, nígbà tó pè mí láti Abẹ́òkúta pé òun fẹ́ gbá gọ́ọ̀fù kí òun tó wọkọ̀ padà sílé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Mọ́mì, fóònù ti bá mi yan pápá tó dára jù." Ọkàn mi kò balẹ̀ títí ó fi wọlé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí sí ẹ̀yin tí a jọ dàgbà.

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ajégúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Àlàájì, máa ń wá láti Ìsẹ́yìn. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ní, Creek Road nítòsí èbúté ni wọ́n ti ń kó ẹrù sí i. Ọ̀gá kan ní GRA Àpápá tí wọ́n jọ ń dòwò ló kọ́ ọ ní gọ́ọ̀fù. Láti ìgbà náà, ìlú yòówù tí Àlàájì bá dé, ìbéèrè rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: "Pápá wo ni kí n lọ?"

Àwa ọmọdé náà ń gbá tiwa. Ọwọ́ agboòrùn tó ti bàjẹ́ ni igi wa, kóró àgbálùmọ̀ ni bọ́ọ̀lù, ṣíbí ìyá mi la sì fi gbẹ́ ihò sí àgbàlá. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìyá mi ń gbé omi kọjá, ẹsẹ̀ rẹ̀ já sí ihò, gbogbo omi dà sí i lára. Ó ní ká dí ihò náà pa, ká wá kúnlẹ̀ ká nawọ́ sókè títí ìrẹsì yóò fi jinná. Òórùn ata díndín ń wọ̀ wá nímú, apá ń ro wá, ẹ̀rín sì ń pa wá. Ọjọ́ náà ni ìyá mi kórìíra ihò.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan wá dé tí wọ́n fẹ́ so yìgì Sìdíkátù, ọmọ Àlàájì, lẹ́yìn ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa, torí ibẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ń gbé. Bàbá ọmọ ni yóò fa ọmọ fún ọkọ. Ìyàwó Àlàájì ti sọ fún un pé bí kò bá tètè dé, kó kúkú máa lọ sí Ìsẹ́yìn. Síbẹ̀, bí a ti ń mu ògì láàárọ̀, ó rọra sọ fún ìyá mi pé ọ̀gá GRA ní kí àwọn gbá díẹ̀.

"Pápá wo ni kí n lọ? Ti Ìkòyí, ihò méjìdínlógún. Èyí tó wà nítòsí ibí ní Àpápá, mẹ́sàn-án. Ti Ìkòyí ló dùn jù."

Ìyá mi gbé ife sílẹ̀. "Bọ̀dá mi, orúnkún yín ńkọ́?"

"Ó ṣì ń ro mí."

"Ẹ wá fẹ́ lọ síbi tí ihò méjìdínlógún wà? Ẹ̀yin tí ẹ já sí ẹyọ kan lójú títì wa níjẹta? Ibi tí ihò rẹ̀ kò pọ̀ ni kí ẹ lọ. Kí ẹ sì máa wo ilẹ̀."

Àlàájì wò wá, ó gbé ẹ̀rín mì. "Mo ti gbọ́, dókítà orúnkún." Kò ṣàlàyé fún un pé ihò náà gan-an ni wọ́n ń wá lọ.

Lẹ́yìn ìrun, lẹ́mọ̀mù béèrè bàbá ìyàwó. Sìdíkátù ń jẹ etí ìborùn rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Lẹ́mọ̀mù tún béèrè. Ìgbà náà ni Àlàájì wọlé, ó ti kírun ní Àpápá, yanrìn sì wà létí agbádá funfun rẹ̀. Ká ní Ìkòyí oníhò méjìdínlógún ló lọ ni, orí pápá ni ì bá ṣì wà.

Ìyá mi kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ ò rí i, ẹsẹ̀ yín kò já sí ihò kankan."

"Bọ́ọ̀lù mi nìkan ló já sí i," ni Àlàájì wí.

Lónìí, fóònù mọ pápá tí koríko rẹ̀ tutù jù àti èyí tí àwọn ènìyàn yìn jù. Mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n kò bi Ràímì léèrè orúnkún, kò sì mọ̀ pé mo ti bu oúnjẹ rẹ̀ bò. Ìyá mi kò mọ gọ́ọ̀fù rárá, síbẹ̀ orúnkún ló kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ jọ̀ọ́, bí àlejò bá ní kí ẹ júwe pápá fún òun, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ẹni tó ń retí rẹ̀ nílé.