Orúkọ Tí Àníkẹ́ Tẹ̀ Sínú Kọ̀ǹpútà

Àníkẹ́, aya Ògúndèjì, fẹ́ràn kọ̀ǹpútà ju oúnjẹ lọ, ojú mi ló ṣe. Ní 1994, ilé ìwòsàn kékeré kan ní Òkè-Ogbó ni òun àti èmi ti ń ṣiṣẹ́, èmi nọ́ọ̀sì, òun akọ̀wé. Òun ló fi èdè C, ọ̀kan nínú àwọn èdè tí a fi ń pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà, kọ ètò tí a fi ń wá àwọn tó máa ń fún aláìsàn lẹ́jẹ̀.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ títí ó fi yé olódo bí èmi. Struct ni àpótí tó gba orúkọ, irú ẹ̀jẹ̀ àti àdúgbò ẹnì kan. Ó wá kọ struct eniyan olore[40]. Ó di ogójì àpótí lórí ìlà kan. Láti òdo ni wọ́n ti ń kà á, nítorí náà olore[3].oruko ni orúkọ ẹni kẹrin. Àmì ìdánudúró tó wà láàárín olore[3] àti oruko ló ń ṣí àpótí.

Akínkúnlé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, wà nínú àwọn tó ń fúnni lẹ́jẹ̀ náà. O nẹ́gẹ́tíìfù ni ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀, ó sì wọ́n bí ojú. Ṣùgbọ́n ìyàwó ilé kì í dárúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Adúmáadán ni Àníkẹ́ ń pè é, Adúmáadán náà ló sì tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ tí Mojíre wá bímọ, Àníkẹ́ ti lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ẹdúnàbọ̀n. Ọmọ jáde ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá rẹ̀ kò dá. Mo tẹ irú ẹ̀jẹ̀ Mojíre, O nẹ́gẹ́tíìfù, ẹnì kan ṣoṣo ló yọ: Adúmáadán, àdúgbò Ìrémọ. Bámidélé, ọkọ Mojíre, fò sórí ọ̀kadà lọ sí Ìrémọ. Ó ń ti agboolé kan bọ́ sí òmíràn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ní ń jẹ́ Adúmáadán níbí?"

"Èwo nínú wọn?" ni àwọn obìnrin ń dáhùn. "Ìyàwó wo ni kì í pe ọkọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀?"

Kó tó padà, Mojíre ti kú lọ́wọ́ mi. Ó dùn mí wọra.

Nígbà tí Àníkẹ́ dé tó gbọ́, ó sọ fún mi pé Akínkúnlé ni Adúmáadán. Mo bínú sí i, àánú rẹ̀ sì ṣe mí. Èmi ni mo tẹ̀ lé e lọ bá Akínkúnlé. Bàbá náà gbọ́ ọ tán, ó yíjú sí Àníkẹ́.

"Ìyàwó, iwájú ilé ni mo jókòó sí lọ́jọ́ náà," ó ní. "Mo rí ọkùnrin kan tó ń sunkún kọjá lórí ọ̀kadà. Mo tiẹ̀ kí i pé pẹ̀lẹ́."