Iṣẹ́ Tí Ẹsẹ̀-ò-gbélé Gbà Lórí Bẹ́ẹ̀dì

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà, torí náà tí mo bá ń gbè sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bi mí ní nǹkan kan. Ẹsẹ̀-ò-gbélé ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Ọdún mẹ́fà ló fi gun alùpùpù, tó ń gbé ẹrù kiri fún ilé-iṣẹ́ kan tí a ò mọ ọ̀gá wọn lójú. Inú fóònù ni wọ́n ti ń ránṣẹ́ sí i. Fóònù á dún, á tẹ “Mo gbà,” eré dé nìyẹn. Tí kò bá tètè tẹ̀ ẹ́, wọ́n á yọ máàkì rẹ̀. Tí máàkì bá ti kéré jù, wọ́n á ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ mọ́ ọn, kò sì sí ẹni tí yóò bẹ̀.

Lọ́jọ́ tí mọ́tò gbá a, mo sáré dé ilé ìwòsàn, tépù tí mo fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn mi. Dókítà ń to eegun ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́, àbúrò mi ń laágùn yọ̀bọ̀, ni fóònù rẹ̀ bá dún. Ó nawọ́, ó tẹ “Mo gbà.”

“Ṣé orí ẹ pé báyìí?” Mo jágbe mọ́ ọn.

“Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá mi gbé e. Ẹ̀yìn ilé ìwòsàn níbí náà ni.”

Ẹkún ń gbọ̀n mí, ẹ̀rín tún ń pa mí. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ gbé ẹrù ọ̀hún, bàtà ọmọ ọwọ́ ni, mo sì fi lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́.

Ìgbà tí a ní kí ilé-iṣẹ́ náà tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n fèsì pé kì í ṣe òṣìṣẹ́ àwọn, pé ìgbà tó bá wù ú ló ń ṣiṣẹ́. Ojú ò tì wọ́n! Ẹni tó bá ń ṣe nídìí pẹpẹ, ṣebí ìdí pẹpẹ ló yẹ kó ti jẹ?

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ó ní, “láti ọdún mẹ́fà, kí ni mo wá jẹ́ sí wọn?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Èmi àti ẹgbẹ́ àwọn tó ń gun alùpùpù bá gba kóòtù lọ.

Lọ́yà ilé-iṣẹ́ náà tún sọ bákan náà: ìgbà tó bá wù ú. Ìgbà tó kàn mí, mo ní, “Olúwa mi, ẹ wo àkókò tó tẹ ‘Mo gbà’ nínú fóònù yìí. Ẹ wá wo àkókò tí dókítà kọ sínú ìwé pé òun ń to eegun rẹ̀. Ọ̀kan náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iṣẹ́ lè wu èèyàn nírú ìgbà yẹn?”

Adájọ́ wo fóònù, ó wo ìwé, ó tún wo fóònù.

Lọ́jọ́ ìdájọ́, adájọ́ ní òṣìṣẹ́ wọn ni àbúrò mi. Ó ní kí wọ́n tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi títí ara rẹ̀ á fi yá, kí wọ́n má sì yọ máàkì kankan. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ hó yèè. Òun ò hó. Ó kàn di ọwọ́ mi mú.

“Ẹ gbọ́ ṣá? Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ni mí.”

“Mo gbọ́, ọkọ mi.” Mo fi etí aṣọ mi nu ojú rẹ̀, mo sì nu tèmi náà.

A délé, mo gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé àpótí tí mo fi ń jókòó ránṣọ. Kò pẹ́, fóònù dún. Ọwọ́ rẹ̀ ti débẹ̀ kó tó rántí. Ó wò mí.

“Ẹ jẹ́ ó máa dún,” ló wí.

Ó dún títí, ó dákẹ́. Kí n tó ki òwú bọ abẹ́rẹ́ tán, àbúrò mi ti sùn lọ.