Ọjọ́ Tí Mo Ṣe Àlejò ní Bàǹtẹ̀

Mo rántí ọdún tí ìkíni sú mi. Ẹni tí kò bá gbé Bàǹtẹ̀ ìlú wa rí lè rò pé àsọdùn ni. Bàbá Móòrìsì, ọkọ mi, kú lásìkò tí iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ọjà, láti ìgbà náà ni n kò sì ti lè jáde lọ ra iyọ̀ kí wọ́n má dá mi dúró lójú ọ̀nà. Ẹ kú àfẹ́kù. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á tù yín nínú. Ayáwà tó ń ta gàrí á sọ igbá kalẹ̀, á di ọwọ́ mi méjèèjì mú, á máa mi orí. Bíọ̀ tó ń lẹ táyà á pa ẹ̀rọ rẹ̀ kí ó lè kí mi dáadáa. Ọmọ ilé ìwé tí kò mọ ojú ọkọ mi á kúnlẹ̀. Oore ni wọ́n ń ṣe, mo mọ̀, orúkọ gbogbo wọn ni mo sì mọ̀, àti ti ìyá tó bí wọn. Ṣùgbọ́n kí n tó padà délé, ìwọ̀nba iyọ̀ tí mo rà á ti wúwo lọ́wọ́ mi bí ẹrù igi, n ó sì lọ dùbúlẹ̀ láìdáná.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà fún Móòrìsì, àkọ́bí mi tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnù, nígbà tí ó pè mí lórí fóònù lẹ́yìn tí mo bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Kí ló kù tí ẹ ń ṣọ́ níbẹ̀?" Mo ní ó dára. Kì í ṣe pé Kútọnù wù mí. Ó rẹ̀ mí ni. Mo rò ó pé níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo lọ́kọ rí, n ó lè ra iyọ̀ ní àlàáfíà. A fi í sí ọjọ́ Àìkú pé yóò gbé ọkọ̀ wá kó mi. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì, mo lọ sí Savalú láti dágbére fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó lọ́kọ síbẹ̀, mo sì sùn lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sunkún. Ó wo aṣọ tí mo wọ̀ láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, "Ṣé èyí lo fẹ́ wọ̀ wọ Kútọnù? Wọ́n á rò pé ìwọ lo ń lé ẹyẹ lóko." Ó ṣí àpótí, ó fi aṣọ rẹ̀ tó dára jù wọ̀ mí, ó wé gèlè bo orí mi tí irun rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, ó sì tún fi awò dúdú kan sí mi lójú, ó ní nítorí eruku ọ̀nà. N kò bá a jà. Ẹni tó ti rẹ̀, bí wọ́n bá ṣe wọ̀ ọ́ láṣọ náà ni yóò ṣe dúró.

Bí mo ṣe rí nìyẹn nígbà tí tasí já mi sílẹ̀ ní ẹ̀bá ọ̀nà ní Bàǹtẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé. Kí n tó gbọn eruku, ọlọ́kadà kan, àwọn tí à ń pè ní sẹ́mì, ti dúró síwájú mi. Ọkùnrin náà ti ń hewú, n kò mọ̀ ọ́n rí, ìyẹn nìkan sì yà mí lẹ́nu. Èdè Máhì ló fi bá mi sọ̀rọ̀, torí ó rí i pé láti apá Savalú ni ọkọ̀ ti wá. Mo ta iṣu lọ́jà Savalú títí ọmọ mi fi dàgbà, Máhì kò sì le lẹ́nu mi, ni mo bá fi Máhì dá a lóhùn.

Ó ní, "Màmá, ẹ kú ọ̀nà! Ilé ta lẹ̀ ń lọ? Àbí ìlú lẹ wá wò? Mo gbé àwọn òyìnbó kan káàkiri láìpẹ́ yìí, inú wọn dùn débi pé wọ́n ya èmi náà ní fọ́tò. Kò sí ibi tó yẹ ní wíwò tí n kò mọ̀."

Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, kí n ní kó gbé mi lọ sílé. Ṣùgbọ́n ẹ kú ọ̀nà nìkan ló sọ. Kò fi àfẹ́kù kún un. Etí mi fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ sí i.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ìlú ni mo wá wò."

Báyìí ni ìyá arúgbó tó bí gbogbo ọmọ rẹ̀ sí Bàǹtẹ̀ ṣe gun ẹ̀yìn alùpùpù tó ń lọ wo Bàǹtẹ̀. Dósú lorúkọ ọkùnrin náà, orúkọ tí wọ́n ń sọ ọmọ tó tẹ̀lé ìbejì, bí àwa ṣe ń sọ Ìdòwú. Jalukú ló ti wá, kò tíì pẹ́ ní ìlú wa, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó fi ilé méèrì hàn mí bí ẹni pé òun ló mọ ọ́n. Ó fi ọjà hàn mí. Ó gbé mi dé ibi àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú, ó pa alùpùpù, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Àpáta tí ẹ ń wò yìí, Màmá, ó máa ń rìn."

Mo ti sá ẹ̀gẹ́ lórí àpáta yẹn láti ìgbà tí mo wà lọ́mọbìnrin. Bó bá ti rìn rí, ẹ̀gẹ́ wa ìbá ti bá a lọ. Mo ní, "Hẹ̀ẹ́!" bí àlejò ṣe ń ṣe.

"Òyìnbó náà ṣe báyẹn gan-an," ni ó wí.

A kọjá níwájú Ayáwà. Ó gbójú sókè, ó wo aṣọ, ó wo awò, ó sì ń bá gàrí títà rẹ̀ lọ. Bíọ̀ wò wá, kò pa ẹ̀rọ. Ọkùnrin ará Nàìjíríà tó ń ta epo inú ìgò ní ìkóríta, tí mo gbé ọmọ rẹ̀ jó lọ́jọ́ ìkómọ, bi Dósú pé ta ló gbé sẹ́yìn. Dósú ní, "Àlejò ni." Ara tù mí. Ara tù mí títí a fi kọjá ọjà. Lẹ́yìn ọjà, n kò mọ ohun tó ṣe mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀kùn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni ọkọ mi. Ilẹ̀kùn tó bá ti pẹ́ díẹ̀ ní ìlú wa, òun ló ṣe púpọ̀ nínú wọn, ẹ kò sì ní í ṣi tirẹ̀ mú, torí ìsàlẹ̀ ló máa ń fi ọwọ́ ilẹ̀kùn sí, ibi tí a ń dì mú kí a tó ṣí i. Ó ní ọmọdé kò gbọdọ̀ dúró síta kí ó máa sunkún pé kí àgbà wá ṣílẹ̀kùn fún òun. Àwọn àgbà bú u títí. Bàálé ilé á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó tó wọ yàrá ara rẹ̀, á máa ṣépè. Òun náà ga, ó sì ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ilẹ̀kùn ilé wa lójoojúmọ́ ayé rẹ̀, ẹ̀yìn ń dùn ún, kò sì yí ọwọ́ padà. Ẹ̀yìn alùpùpù ni mo wà tí mo ń rí wọn: ti ilé Bíọ̀, ti ilé ìwé, ti ilé ìyá Ayáwà tó ti kú. N kò rí ohun mìíràn tí Dósú ń fi hàn mí mọ́.

Ibi tó gbé mi lọ kẹ́yìn ni ṣọ́ọ̀ṣì àwọn aláṣọ funfun, torí pé òun náà wà nínú ìjọ náà. A bọ́ bàtà síta. Kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀. Ó dúró síwájú ilẹ̀kùn ńlá náà, ó fọwọ́ gbá a, ó ní, "Ìrókò nìyí, Màmá. Nàìjíríà ni wọ́n ti gbé e wá. Iṣẹ́ rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe é kò wọ̀n ọ́n dáadáa. Ẹ wo ibi tó fi ọwọ́ rẹ̀ sí! Bóyá aràrá ni wọ́n níbẹ̀." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń wá nǹkan tó jábọ́, ó ṣí i, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Mo gbàgbé Máhì. Ìṣà, èdè ilé wa, ló jáde lẹ́nu mi. Mo ní, "Irọ́ ni. Bàǹtẹ̀ níbí ni wọ́n ti ṣe é. Bàbá Móòrìsì ló ṣe é."

Dósú yíjú padà. Ó fi Ìṣà tí kò tíì já gaara lẹ́nu rẹ̀ bi mí pé, "Ta ni Bàbá Móòrìsì?"

Ibẹ̀ ni mo dúró sí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi wọlé ọkọ, n kò pe orúkọ ọkùnrin náà rí, torí ìyàwó kì í dárúkọ ọkọ, kì í sì í dárúkọ ọmọ ilé ọkọ. Èmi tí mo mọ orúkọ gbogbo ìlú! Kí a tó bí Móòrìsì, "ẹ gbọ́" ni mo ń pè é. Nígbà tí ó ń kú lọ, Bàbá Móòrìsì ni mo ń pè. Gbogbo Bàǹtẹ̀ mọ ẹni tí mo ń wí. Ẹni tó ti Jalukú wá kò lè mọ̀ ọ́n.

Mo ní, "Ajíbádé." Ṣọ́ọ̀ṣì náà ṣófo, ó sì dá orúkọ náà padà fún mi.

Mo bọ́ awò. Mo sọ fún un pé èmi ni mo fi ìwé tí wọ́n fi ń ha pákó ha apá ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn náà títí ìka mi fi ń dán, mo sì fi ibi tí mo ti ha á jù hàn án. Dósú ṣí fìlà. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ẹ kú àfẹ́kù."

Ìkíni tí mo ti ń sá fún láti àárọ̀ ti bá mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Mo dúró kí àárẹ̀ náà dé. Ṣùgbọ́n Dósú kò dákẹ́ síbẹ̀. Ó ní, "Irú èèyàn wo ni?"

Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ó ti kú. Ta ni yóò bi mí? Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n. A jókòó sórí àtẹ̀gùn, a kò wọ bàtà, mo sì ń sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi yí bá wa lẹ́sẹ̀.

Ó gbé mi délé. Àbúrò ọkọ mi obìnrin wà nínú ọgbà, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ẹlẹ́rìn-ín ni mo ń pè é, ìyẹn lorúkọ tí mo fún un nígbà tí mo wọlé, torí pé ọmọ ilé ni. Mo jù ú lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n ìyàwó wa ni ó ń pè mí, kì í sì í fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ Kútọnù ti délẹ̀, kò sọ pé kí n lọ, kò sọ pé kí n má lọ. Nígbà tó rí aṣọ àti gèlè mi, ó dìde, ó wọlé, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé omi jáde nínú ife.

Ní ilẹ̀ wa, ẹni tó bá dé sílé, omi ni a kọ́kọ́ ń fún un kí a tó bi í ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àlejò nìkan ni. Onílé, ibi yòówù kó ti dé, yóò lọ sídìí àmù, yóò bu tirẹ̀.

Ẹlẹ́rìn-ín kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú ọ̀nà, Màmá Kútọnù. Ẹ gba omi."

Mo ní, "Ẹlẹ́rìn-ín, kí lò ń ṣe?"

"Mò ń fi kọ́ra ni. Ṣebí bí a ó ṣe máa ṣe é nìyí tí ẹ bá wá kí wa. Ẹ gbà, ọwọ́ ń ro mí."

Ó ń rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò sì rẹ́rìn-ín. Mo gba ife náà. Omi náà tutù, òùngbẹ sì ń gbẹ mí gan-an. Ṣùgbọ́n mo yíjú sí Dósú tó ṣì jókòó lórí alùpùpù, mo ní, "Dósú, o kú ọ̀nà. Gba omi." Ó gbà á, ó mu ún. Mo wọlé lọ sídìí àmù, mo ṣí i, mo mú igbá, mo sì bu tèmi. Nígbà tí mo jáde, Ẹlẹ́rìn-ín ti padà sídìí ẹ̀wà, ó fi etí ìró nu ojú. Ó ní, "Ìyàwó wa, ṣé o ti jẹun?"

Móòrìsì gbé ọkọ̀ dé lọ́jọ́ kejì. Ó bínú. Ó ní òun ti kun yàrá. Iṣu ni a kó sí ibi tí ó fẹ́ kí n jókòó sí, ó sì gbé e lọ.

Ó ti pẹ́ díẹ̀. Wọn kì í kí mi kú àfẹ́kù mọ́ nísinsìnyí. Mo lè lọ ra iyọ̀ kí n sì padà, kí ẹnikẹ́ni má dá mi dúró, ìyẹn náà sì ní àárẹ̀ tirẹ̀ tí n kò mọ̀ nígbà náà. Bí Dósú bá gbé àlejò, ó máa ń mú wọn lọ wo ilẹ̀kùn, ó sì máa ń pe orúkọ ẹni tó ṣe é. Ó ń fi irọ́ kún un: ó ní Ajíbádé bá àpáta rìn rí. Mo ti jẹ́ kí ó máa pa á.

Móòrìsì wá kí wa nígbà ìkórè tó kọjá. Kí n tó dìde, Ẹlẹ́rìn-ín ti bu omi fún un. Ó gbà á, ó mu ún tán, ó dúpẹ́, ó sì jókòó sórí àga tí a ń fún àlejò. Lẹ́yìn náà ó ní òun fẹ́ wọlé lọ sinmi. Kò wo ilẹ̀kùn rárá, fóònù ló ń wò, ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì lọ tààrà sí ìsàlẹ̀.