Omi Tí A Fi Kí Kòkó Káàbọ̀

Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ni, ọjọ́ Sátidé, nígbà tí ìyá àgbà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní Ayétòrò ní Èkìtì fi ìka kan ṣoṣo ti ìgò méjì padà sọ́dọ̀ ẹni tó gbé wọn wá. Òjò òru ti fọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ mọ́, òórùn ilẹ̀ tútù sì ń dà pọ̀ mọ́ ti èéfín ààrò. Àwọn ọmọ kòkó wà nínú ọ̀rá dúdú lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, èmi náà wà láàárín wọn, mò ń fa koríko kúrò ní ìdí wọn.

"Oògùn kì í wọ ulé mi," ló wí.

Ẹni tó gbé ìgò náà wá jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń tọ́ àwọn àgbẹ̀ sọ́nà. Ágíríkì ni gbogbo ìlú ń pè é. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ pé, "Màmá, mo bá yín mú oògùn kòkó wá." Mi ò dá a lẹ́bi, nítorí bí gbogbo àgbẹ̀ wa ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Èyí tó ń pa koríko, oògùn ni. Èyí tó ń pa kòkòrò, oògùn ni. Èyí tó ń mú igi dàgbà náà, oògùn ni. Ṣùgbọ́n nínú ìjọ tí ìyá náà ń lọ, omi àdúrà nìkan ni àwọn àgbà ń mu bí ara wọn kò bá yá. Ó bí gbogbo ọmọ rẹ̀ láìfi ẹnu kan àgbo.

Síbẹ̀, ó nílò ìrànlọ́wọ́. Iná ọyẹ́ ti jó oko kòkó tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú. Ó tún un gbìn, àwọn ọmọ kòkó náà rọ lẹ́yìn tí a kó wọn kúrò nínú ọ̀rá lọ sínú ilẹ̀, wọ́n sì kú. Àwọn ẹbí ọkọ rẹ̀ wá sọ fún un pé bí ilẹ̀ náà bá ṣì jẹ́ igbó nígbà tí ọyẹ́ bá tún dé, àwọn yóò gbé e fún ẹni tó máa gbin ẹ̀gẹ́ sí i. Ní ọ̀dọ̀ wa, ilẹ̀ tí kòkó bá ti mú, kò sẹ́ni tó ń lé ẹni tó gbìn ín kúrò níbẹ̀. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n mo mọ èyí. Mo rò pé bí ilẹ̀ náà bá lọ, ìyá náà á kó lọ, ẹ̀gbẹ́ ilé wa á sì dákẹ́.

Ó nawọ́ sí ìgò ńlá. "Kí lèyí ń ṣe?"

"Gbogbo ohun tí ilẹ̀ yín kò ní mọ́ ló wà nínú rẹ̀, Mà. Ẹ má pè é ní oògùn. Oúnjẹ ni."

"Oúnjẹ." Ó pe ọ̀rọ̀ náà bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Kékeré yìí ńkọ́?"

"Ìyẹn kì í ṣe oúnjẹ. Òun ló ń sọ fún gbòǹgbò pé kó jáde."

"Ó ń sọ̀rọ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Gbòǹgbò á sì gbọ́."

Ìyá náà yíjú sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, ohun tó wà nínú ìgò, tó ń sọ̀rọ̀, tí igi ń gbọ́. Bí ìyẹn ò bá jẹ́ oògùn, kí ló tún kù?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ágíríkì náà rẹ́rìn-ín, ó sì dá ìgò kékeré padà sínú àpò rẹ̀. Ó fi ti oúnjẹ sílẹ̀, ó ní ìdérí kan ni kó máa dà sínú garawa omi kan, kó sì jẹ́ kó pẹ́ kó tó tún bu òmíràn.

A gbin kòkó náà. Ìyá náà ló ń fi abẹ ya ọ̀rá, èmi ló ń di ewé mú kó má baà já. Bí ọ̀rá bá ti ya, gbòǹgbò funfun tó ti ká mọ́ra nísàlẹ̀ á yọjú, òórùn rẹ̀ sì máa ń dà bí ti inú ìkòkò omi. Ó ń fi imú kọ orin ìjọ bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́ wọn nídìí.

Oúnjẹ yẹn ló wá dá wàhálà sílẹ̀. Ní ilé ìyá náà, bí àlejò bá ń jẹ iyán tó sì fẹ́ rí ìsàlẹ̀ abọ́, òmíràn ti dé orí rẹ̀. "Ìdérí kan?" ló wí. "Ta ló ń fi ìdérí bu oúnjẹ fún ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé?" Ó ń dà á gbuurugbu, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Kò pẹ́ tí etí ewé fi ń pọ́n, tó ń ká kò, tó wá dà bí ohun tí a yan.

Ó di ewé kan mú. "Iná tún ti dé," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Nígbà tí Ágíríkì dé, ó lóṣòó, ó gbọ́ òórùn ilẹ̀. "Màmá, ẹ ti bọ́ wọn yó jù."

"Oúnjẹ lo pè é."

"Ẹnu mi ló fà á, Mà."

Ó ní ká da omi lásán sí wọn, kí ó pọ̀, kó lè fọ ilẹ̀. A pọn omi odò títí ọrùn fi ń dùn mí. Àwọn kan yè, àwọn kan ò yè. Ọmọ kòkó díẹ̀ ṣì kù lẹ́yìnkùlé tí a lè fi dípò àwọn tó kú, ọkàn mi sì rọ̀ mọ́ díẹ̀ yẹn.

Ìyá náà fúnra rẹ̀ ló sọ pé, "Gbé èyí tó ń sọ̀rọ̀ yẹn wá."

"Ẹ ní oògùn ni, Mà."

"Mo ti rò ó. Wọ́n máa ń kí àlejò kí wọ́n tó gbé oúnjẹ fún un. Àwa ò kí wọn. A ṣí wọn nípò, a wá ń ki oúnjẹ bọ̀ wọ́n lẹ́nu. Ìkíni ni tìrẹ yìí. Màá gbàdúrà sí i ṣáá."

"Ẹ gbàdúrà, Mà. Ṣùgbọ́n mo mọ ìkíni Èkìtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é ní ṣókí."

Ẹ̀rín pa á. Ágíríkì fúnra rẹ̀ kán an sínú omi níṣojú rẹ̀. Ìyá náà ń ri ìdí kòkó kọ̀ọ̀kan bọ omi náà kó tó gbìn ín, ó sì ń sọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan pé, "O kú àbọ̀."

Nígbà tí ọyẹ́ dé, àbúrò ọkọ rẹ̀ wá sí oko náà. Ó ń gbé imọ̀ ọ̀pẹ tí a fi ṣíji bo àwọn kòkó náà sókè, ó ń wo abẹ́ rẹ̀. Àwọn ewé tuntun ti yọ, wọ́n pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ewé kòkó tuntun ṣe máa ń rí. Ó dúró pẹ́. Ó ní, "Ìyàwó wa, kí ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ lọ wá ilẹ̀ síbòmíràn." Mi ò lè sọ bóyá omi ìgò kékeré yẹn ni, tàbí omi odò, tàbí àdúrà. Mo kàn mọ̀ pé mo sunkún, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí mi.

Ìyá náà ti sùn nínú Olúwa. Mo ti ka ìwé iṣẹ́ ọ̀gbìn jáde, mo ti sin bàbá wa, iṣẹ́ Ágíríkì yẹn gan-an ni mo wá ń ṣe báyìí ní agbègbè Ìjerò. Ohun tó kù lọ́wọ́ mi láti ọ̀dọ̀ ìyá náà jẹ́ ìbẹ̀rù kékeré kan. Bí mo bá fẹ́ pe orúkọ nǹkan kan fún àgbẹ̀, àyà mi á já, nítorí mo mọ̀ pé orúkọ tí mo bá pè ni ọwọ́ rẹ̀ máa fi wọn ohun tó ń dà.

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, màá bá àwọn obìnrin ìjọ kan sọ̀rọ̀ nípa omi ìgò kékeré tó ń mú gbòǹgbò jáde yìí. Àwọn náà kì í lo oògùn. Bí mo bá pè é ní oògùn, wọ́n á kọ̀ ọ́. Bí mo bá pè é ní oúnjẹ, wọ́n á dà á jù. Ìkíni sì rèé, ọ̀rọ̀ ẹni kan ni, mi ò mọ̀ bóyá ó máa bá ẹnu ẹlòmíràn mu, tàbí wọ́n á kàn fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí jù mí lọ, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n pè é?