Kajú Ogójì Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Hú

Ọ̀sẹ̀ tí ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ dé ọ́fíìsì wa ní Igbó-Ọrà ni mo ti sọ ọ́ ní Lọ́yà. Ìbéèrè rẹ̀ ti pọ̀ jù. Iṣẹ́ igi gbíngbìn là ń ṣe: a máa ń fún àwọn àgbẹ̀ ní ọmọ igi lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwọn tó ń gégi sun èédú má baà sọ gbogbo Ìbàràpá di pápá. Àwọn mìíràn tó wá síbi iṣẹ́ wa, ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè. Lọ́yà béèrè ibi tí à ń kó fọ́ọ̀mù sí.

Kò sì rẹ́rìn-ín. Mo fi àwọn ìbejì mi ṣàwàdà, mo fi ẹ̀yìn mi tí kò fẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ṣàwàdà. "Hẹn-ẹn, sà," ló máa wí, á sì yíjú padà sórí ìwé.

Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé fọ́ọ̀mù kan wá sórí tábìlì mi. Ti àgbẹ̀ ará Òkè Ògùn kan ni, tó ń dáko lójú ọ̀nà Tápà. Mo ti fún un ní ogójì ọmọ igi kajú, ó sì ti gbìn wọ́n.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tó ni ilẹ̀, orúkọ àgbẹ̀ yìí lẹ kọ. Ṣé òun ló ni ín?"

"Ṣé o fẹ́ rà á ni?"

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Òun nìkan kò rín.

"Rárá, sà. Mo kàn ń béèrè ni."

"Lọ́yà, ẹni tí mo bá bá lóko pẹ̀lú ọkọ́ lèmi ń kọ. Mi ò kì í gba ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ ebè."

Ó gbé fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó lọ. Kí n má purọ́, ó dùn mọ́ mi pé mo pa á lẹ́nu mọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bí aago mọ́kànlá òwúrọ̀, àgbẹ̀ náà pè mí lórí fóònù.

"Ẹ máa bọ̀ o, sà. Bàbá onílẹ̀ wà níbí. Wọ́n ní kí n kó ọkọ́ àti àdá mi kúrò lórí ilẹ̀ wọn lónìí."

Bàbá onílẹ̀. Ọmọ Igbó-Ọrà ni mí o, kò sí ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n níbẹ̀: ẹni tí a yá nílẹ̀ lè gbin àgbàdo, ó lè gbin ẹ̀gẹ́, ó lè gbin iṣu, nítorí gbogbo wọn ló máa kúrò nílẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ gbin igi. Igi kì í kúrò. Lọ́jọ́ tí àwọn tó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ bá kú tán, igi ló máa jẹ́rìí pé ẹni tó gbìn ín ló ni ilẹ̀. Èmi tí mo mọ èyí láti kékeré ni mo gbé ogójì ẹlẹ́rìí fún àlejò, nítorí kí fọ́ọ̀mù mi lè tètè pé.

Mo mú kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà. Lọ́yà ti dúró lẹ́yìn mi, báàgì léjìká. Mi ò pè é.

Nígbà tí a débẹ̀, bàbá àgbà kan dúró sáàárín ebè pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Àgbẹ̀ náà dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀ níwájú rẹ̀. Gbogbo ohun tí ilé rẹ̀ máa jẹ lọ́dún náà ló wà lábẹ́ ebè wọ̀nyẹn, iṣu ọ̀hún kò sì tíì gbó.

"Ọdún mẹ́sàn-án!" ni bàbá ń pariwo. "Ọdún mẹ́sàn-án lo ti ń jẹ lórí ilẹ̀ yìí, o wá fẹ́ fi kajú gbà á lọ́wọ́ mi! Bí mo bá kú lónìí, kí lo máa sọ fáwọn ọmọ mi?"

"Bàbá, mi ò fẹ́ gbà á. Àwọn ọ́fíìsì ló gbé e wá. Mo rò pé wọ́n ti bá yín sọ̀rọ̀ ni."

"Ọ́fíìsì wo? Irọ́ lò ń pa!"

Èmi náà dọ̀bálẹ̀, mo fẹ́ fi ẹ̀rín tù ú. "Bàbá, ẹ má bínú, kajú ọ̀hún ò tíì ga tó ẹni tó ń jẹ́rìí nílé ẹjọ́…"

"Ta lò ń bá ṣeré?"

Mo mọ ohun tí mo lè ṣe. Mo lè sọ pé àgbẹ̀ náà ló parọ́ fún wa pé òun ló ni ilẹ̀. Ta ló máa já mi nírọ́? Mo wo Lọ́yà. Ó ti kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń wò mí, fọ́ọ̀mù wà nínú báàgì rẹ̀.

"Bàbá," mo ní, "èmi ni. Mi ò bi í léèrè ẹni tó ni ilẹ̀. Èmi ni mo kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Ọmọbìnrin yìí bi mí, mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́."

Bàbá yíjú sí mi. "Ọmọ ibo ni ọ́?"

"Igbó-Ọrà, sà."

"Igbó-Ọrà!" Ó tutọ́ sílẹ̀. "Ká ní wọn ò bí ọ nílẹ̀ yìí ni, ǹ bá ti dárí jì ọ́. Ìwọ tó kọ ọ́, ìwọ lo máa hú u. Gbogbo rẹ̀. Lójú mi báyìí."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í hú. Àgbẹ̀ náà fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, bàbá ní kó jókòó. Lọ́yà ló ń tẹ̀lé mi, ó ń fọwọ́ kó erùpẹ̀ bo gbòǹgbò, ó ń dá wọn padà sínú ọ̀rá tí a fi kó wọn wá tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a ti hú tó mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó rọra sọ̀rọ̀.

"Kòkó ni bàbá tèmi gbìn sórí ilẹ̀ tí wọ́n yá wọn, ní Oǹdó. Ọ̀gá ọ́fíìsì kan ló gbé e fún wọn. Lọ́jọ́ tí onílẹ̀ lé wa, èmi ni mo ru ìkòkò wa kúrò lóko ọ̀hún."

Ó tún bu erùpẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sórí igi tó kàn, mo hú u.

Nígbà tí ogójì pé, Lọ́yà tún kúnlẹ̀. "Bàbá, igi wọ̀nyí ò tíì kú. Bí ẹ bá fọwọ́ ara yín gbìn wọ́n síbi tó wù yín, orúkọ yín la máa kọ."

Àgbẹ̀ náà ni bàbá kọjú sí. "Dìde. Lọ máa ro oko rẹ. Bí o bá wa iṣu tán, wá bá mi nílé, ká sọ ti ọdún tó ń bọ̀." Ó ti ń lọ kó tó bojú wẹ̀yìn wò mí. "Ẹ kó kajú yẹn wá sílé mi lọ́la. Orí ni kí ẹni tó hú u fi rù ú. Mi ò fẹ́ gbúròó ọ̀kadà."

Àgbẹ̀ náà gbé ọkọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yìn mi ti daṣẹ́ sílẹ̀. Mo jókòó sórí ìtì igi kan létí oko. Lọ́yà nu ẹrẹ̀ lórúnkún, ó yọ fọ́ọ̀mù àti bírò, ó wá dúró níwájú mi. Mo rò pé ó fẹ́ kí n fọwọ́ sí nǹkan ni.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, sà. Ilẹ̀ ta lẹ jókòó lé yìí?"

Mi ò mọ ìgbà tí mo fò dìde. Ìgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.